Signal Lọ́rùn Ọmọ Ilé-Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Ìwúlò àti Ààlà Ẹ̀kọ́ Ìhùwàsí

1. Ìbẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan ni iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀wò: bí a bá wo gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan, ǹjẹ́ a ti mọ ẹni náà? Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìhùwàsí, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní béhavioristes, sọ pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ẹ̀dá ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn sọ pé ibẹ̀ náà ni yóò parí sí. John B. Watson ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ gbangba ní Amẹ́ríkà ní 1913. Ó ní kí àwọn onímọ̀ yé wá ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn kiri, nítorí ojú ẹlòmíràn kò lè tó o. Kí wọ́n gbájú mọ́ ohun tí gbogbo wa lè jọ rí. B. F. Skinner (1904–1990) ló wá mú ẹ̀kọ́ náà gbòòrò, tó sì kó èdè ènìyàn pàápàá sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Verbal Behavior tó jáde ní 1957.

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, àmọ́ n kò ní gbé e wò láti inú yàrá ìwádìí tí eku àti ẹyẹlé wà. Àpẹẹrẹ kan wà nílùú wa, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tó jẹ́ pé ìhùwàsí ẹnu gan-an ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ láti yí padà. Àpẹẹrẹ náà ni signal. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀kọ́ ìhùwàsí wúlò púpọ̀ láti fi mọ ohun tí à ń ṣe sí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tó láti fi mọ ohun tí ènìyàn náà ka ohun tí a ṣe sí i sí. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké lọ́la, tí wọn yóò máa fi ohun tí ojú wọn rí ṣe ìdájọ́ ohun tí ọmọ mọ̀.

2. Ohun tí signal jẹ́

Ẹni tó bá kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé wa tó wà lókè-òkun lè máà mọ̀ ọ́n. Signal jẹ́ ohun kan tí wọ́n so okùn mọ́. Ó lè jẹ́ pákó, egungun ẹran, ìkarahun ìgbín tàbí bàtà gbígbó. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ tó ń sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, ìbáà ṣe Yorùbá, Ègùn tàbí Fọ̀n, ni wọn yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Kò ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ ọmọ mìíràn tó dẹ́ṣẹ̀ kan náà. Nígbà náà ni yóò gbé e kọ́ tiẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá lù ni yóò jẹ pàṣán.

Kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ló ń lò ó, kì í sì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ní 1924, àṣẹ tí ìjọba amúnisìn Faransé fi tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé èdè Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò nílé-ìwé, ó sì ka lílo èdè ìbílẹ̀ léèwọ̀ fún olùkọ́. Nílẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ Brittany tó bá sọ èdè Breton náà gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́rùn. Symbole ni wọ́n ń pè é. Ní Wales, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, pákó kékeré ni wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn fún ìdí kan náà. Ngũgĩ wa Thiong'o sọ nínú Decolonising the Mind tó jáde ní 1986 bí bọ́tìnnì kan ṣe ń lọ láti ọwọ́ ọmọ dé ọwọ́ ọmọ ní Kẹ́ńyà, nítorí èdè Gĩkũyũ.

Orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n signal kò bá àwọn aláṣẹ Faransé lọ. Ìjọba ológun tó dé ní 1972 polongo pé òun yóò gbé èdè ìbílẹ̀ ga. Òfin orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejìlá 1990, ní abala 11, fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ṣì ń gbé signal kọ́ ọmọ lọ́rùn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Mo gbé e kọ́rùn rí. Mo sì gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

3. Ohun tí Skinner jẹ́ kí a rí

Bí a bá bi olùkọ́ àtijọ́ kan pé kí ni signal wà fún, yóò ní láti fi kọ́ ọmọ ní Faransé ni. Bí a bá bi ẹni tó kórìíra rẹ̀, yóò ní láti fi rẹ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa èrò ọkàn. Skinner kọ́ wa láti kọ́kọ́ fi èrò ọkàn sílẹ̀, kí a béèrè ohun mìíràn: kí ni ọmọ ṣe, kí ló sì tẹ̀lé e? Ohunkóhun tó bá tẹ̀lé ìṣe kan tó mú kí ìṣe náà máa pọ̀ sí i ni ìkóríyá. Ìkóríyá sì pín sí méjì. A lè fún ènìyàn ní ohun tó dùn mọ́ ọn, a sì lè gba ohun tó ń ni í lára kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyà yàtọ̀ sí méjèèjì: òun ni ohun tí a fi ń tẹ̀lé ìṣe kí ìṣe náà lè dínkù.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn signal. Kí ló ń tẹ̀lé e bí ọmọ bá sọ Yorùbá? Ìyà ni, ṣùgbọ́n kìkì bí etí ẹni tí signal wà lọ́rùn rẹ̀ bá gbọ́ ọ. Nítorí náà, Yorùbá kọ́ ni yóò dínkù. Yorùbá tó délé etí ọ̀tá ni. Kí ló ń tẹ̀lé e bí ọmọ bá sọ Faransé? Kò sí nǹkankan. Kò sí ẹni tó yìn ín. Bí ó bá tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í rẹ́rìn-ín, ìyà nìyẹn náà. Èwo wá ni ọ̀nà tí kò sí ìyà lórí rẹ̀? Kí ọmọ pa ẹnu mọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tó kàn: kí ló ń tẹ̀lé e bí ọmọ bá mú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀? Ohun tó wúwo bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ètò náà, ìṣe kan ṣoṣo tó ní ìkóríyá tó dájú ni kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Òye tó wà nínú àlàyé yìí kò kéré. Olùkọ́ tó ń ráhùn pé àwọn ọmọ kíláàsì òun kì í dáhùn ìbéèrè, pé ojú ń tì wọ́n, pé orí wọn kò jí, ń wá okùnfà nínú ọmọ. Skinner yóò sọ fún un pé ìdákẹ́ ló ti ń san owó fún láti ọjọ́ yìí wá, ìdákẹ́ náà ló sì rí rà. Ngũgĩ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà: ó ní ètò náà sọ àwọn ọmọ di ẹni tó ń dọdẹ ara wọn, tó sì ń rí èrè nínú títa ará ilé wọn. Ohun tí Skinner fi kún un ni pé a kò nílò ọmọ burúkú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ rere náà yóò ṣe é, nítorí okùn wà lọ́rùn rẹ̀.

Èyí tún wà níbẹ̀: Skinner kì í ṣe alátìlẹ́yìn pàṣán. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1938, ó sọ nípa àwọn eku tó ti kọ́ láti máa tẹ ọ̀pá kékeré kan kí oúnjẹ tó jáde. Ó dá oúnjẹ náà dúró, ó sì ṣètò kí nǹkan gbá àwọn kan lára wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ ọ̀pá náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí gbígbá náà dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, títí iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tí nǹkan kò gbá dọ́gba. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ pé ìyà máa ń tẹ ìṣe mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì ń bí ẹ̀rù àti ìbínú lẹ́yìn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí Azrin àti Holz ní 1966, fi hàn pé ìyà tó bá le gan-an lágbára ju bí ó ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ní ti Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ Skinner ló ṣẹ: kí ọmọ tó ta ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu géètì ní ìrọ̀lẹ́, Yorùbá àti Ègùn ti kún ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà wa náà mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Signal ní ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò ní.

4. Ọjọ́ méjì

Ibi tí mo ti fara mọ́ Skinner dé nìyí. Láti fi ibi tó kù sí hàn, mo ní láti sọ nípa ọjọ́ méjì, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo wà ní ọdún kẹrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Signal wà lọ́rùn mi, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń sún mọ́lé. Ọmọkùnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí kò wá sílé-ìwé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì sọ fún mi pé, "Wọ́n ti sin ìyá àgbà." Yorùbá ni. Etí mi gbọ́ ọ kedere. Òfin sọ pé kí n bọ́ okùn náà kí n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agogo lù, mo jẹ ẹgba mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì yàtọ̀. Signal tún wà lọ́rùn mi. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi, tí kò tíì pé ọdún kan nílé-ìwé, sáré wá bá mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tó so pọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Ó fẹ́ kí n bá òun sọ fún olùkọ́ ni. Mo bọ́ signal, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Báwo ni ẹ̀kọ́ ìhùwàsí yóò ṣe ṣàlàyé ọjọ́ méjèèjì? Ti ọjọ́ kejì rọrùn: ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ okùn ni ìkóríyá. Mo tilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àlàyé yìí sàn ju gbogbo àwáwí tí mo ti ṣe fún ara mi lọ, pé mo kéré, pé òfin ni. Ìwúlò ẹ̀kọ́ ìhùwàsí kan nìyẹn tí a kì í sábà mẹ́nu bà: kì í jẹ́ kí ènìyàn pọ́n ara rẹ̀ lé ju bó ti yẹ lọ. Ọjọ́ tí mo gbé signal fún ẹlòmíràn sì pọ̀ ju ọjọ́ tí mo fi pamọ́ lọ dáadáa.

Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Skinner yóò ní ìkóríyá mìíràn ló borí: bóyá ìyìn tí màmá mi ti ń yìn mí tipẹ́ nígbà tí mo bá ṣàánú ẹlòmíràn, bóyá ìfẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi má baà kọ̀ mí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbé signal náà kọ́ ọ lọ́rùn ni, Skinner yóò ní àlàyé sílẹ̀ fún ìyẹn pẹ̀lú. Àlàyé tó bá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, tó sì tún bá òdìkejì rẹ̀ mu, kò tíì sọ nǹkankan fún wa ṣáájú kó tó ṣẹlẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, onímọ̀ mọ iye wákàtí tí eku ti wà láìjẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ọ̀pá náà. Lábẹ́ igi máńgòrò, ńṣe ló ń méfò.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju ìméfò lọ. Ohun kan náà ni ọ̀rẹ́ mi ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni a lè pè é. A lè ní ó sọ Yorùbá. A sì lè ní ó túfọ̀ fún mi. Ẹni tó gbọ́ pé ó sọ Yorùbá yóò bọ́ okùn, ẹni tó gbọ́ pé ó túfọ̀ yóò ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀." Èwo nínú méjèèjì ni ó jẹ́ fún mi? Ìyẹn ni ohun tí mo ṣe dúró lé lórí, kò sì sí lára ìró tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ohun tí ọmọbìnrin náà sọ lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo yàn láti gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìhùwàsí sílẹ̀ lórí ìwé yóò kọ pé lẹ́ẹ̀mejì ni ọmọ sọ Yorùbá sétí ẹni tí signal wà lọ́rùn rẹ̀. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ya ọjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ti bọ́ sọ́nù nínú ohun tó kọ.

5. Ohun tí Chomsky wó, àti ohun tó ṣẹ́kù

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí láti 1959, nígbà tí Noam Chomsky ṣe lámèyítọ́ Verbal Behavior nínú ìwé àtìgbàdégbà Language. Ó sọ pé bí a bá gbé ọ̀rọ̀ bí ìkóríyá kúrò nínú yàrá ìwádìí, tí a fi ń ṣàlàyé gbogbo ohun tí ènìyàn ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ á ṣá. Kò ní ju ọ̀nà mìíràn láti sọ pé ẹni náà fẹ́ ṣe é ni. Ó tún sọ pé ọmọdé ń sọ gbólóhùn tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí méjèèjì. Ohun tí mo sọ lókè nípa ìméfò jọ tirẹ̀.

Síbẹ̀, gírámà ni Chomsky ń wá, kì í ṣe ènìyàn. Nínú ìfọ́nká tó ṣe, nǹkan kan sọnù tó yẹ ká ṣà padà. Láti 1945 ni Skinner ti ń béèrè bí ọmọ ṣe ń kọ́ orúkọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rí inú rírun ọmọ kó sì nàka sí i bí ẹni ń nàka sí ewúrẹ́. Ohun tí ìyá rí ni ọwọ́ tí ọmọ fi di ikùn mú, ojú tó fún pọ̀, ẹkún. Yóò ní, "Ṣé inú ń run ọ́ ni?" Láti ara ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí ni ọmọ ti gba ọ̀rọ̀ fún ohun tí òun nìkan mọ̀. Nítorí náà, irọ́ ni pé Skinner sọ pé kò sí nǹkankan nínú ènìyàn. Ohun tó sọ ni pé àwọn tó yí wa ká ló fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun inú.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ìlú tí èdè pọ̀ sí bí Àjàṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nílé-ìwé ti kọ́ pé table ni tábìlì, pé craie ni ẹfun ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì í nígbà tí inú ń run ún kó bá a sọ Faransé. Ọ̀rọ̀ tó ní fún ìrora, fún ìbẹ̀rù, fún ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n, ní èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló wà. Bí a bá ka èdè yẹn léèwọ̀ fún un láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ tí mo mọ̀ lórí signal nìyí, ọwọ́ Skinner ni mo sì ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ Chomsky.

Ó ku ohun kan tí àwa ọmọ máa ń ṣe. Bí ìyà bá ń jẹ wá, a ó sọ lójú olùkọ́ pé, "Mes yeux sont rouges." Olùkọ́ gbọ́ Faransé, kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwa gbọ́ pé ojú ń pọ́n wa. Skinner kò ní yà á lẹ́nu pé ìró Faransé ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá, nítorí òun náà sọ pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni ká wò, kì í ṣe bí ó ṣe dún. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń wò wá láti ìta yóò ṣe mọ iṣẹ́ tó ń ṣe? Àfi kó gbọ́ Yorùbá, kó sì bi wá léèrè. Kò lè dúró sí ipò ẹni tó ń wòran nìkan.

6. Ìwà, inú, àti ẹ̀rí

Kí ni àwa fúnra wa ń pe ọ̀rọ̀ yìí? Iṣẹ́ méjì ló ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ti Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo ní 1986, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn lẹ́nu wò ní ilẹ̀ Èkìtì. Èkejì ni ìwé tí Hallen nìkan kọ ní 2000, The Good, the Bad, and the Beautiful.

Wọ́n fi hàn pé ohun tí àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn ń pè ní ìmọ̀ ni ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbà tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Hallen wá fi hàn ní 2000 pé ìwà ẹnìkan, ìyẹn ohun tó ń ṣe àti ohun tó ń sọ, ni wọ́n fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí a bá kà á kíákíá, a lè rò pé àwọn àgbà wa ti ń ṣe ẹ̀kọ́ ìhùwàsí kí wọ́n tó bí Watson. Ìwà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹjọ́ tí ẹni náà ń rò.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Yorùbá kò sọ pé inú kò sí, tàbí pé kò wúlò láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ìwà jẹ́ ẹ̀rí fún inú. Kì í ṣe inú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa inú ẹlòmíràn, kó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ló ń sọ, kò tíì di ìmọ̀. Ìlànà yìí wù mí ju ti Watson lọ, nítorí ó ní ìfura kan náà sí àsọdùn nípa ọkàn, síbẹ̀ kò fi ìfura náà pa ọkàn rẹ́.

Mo ní àtakò kékeré kan sí Hallen. Àwọn oníṣègùn ìwọ̀nba ló bá sọ̀rọ̀, ní agbègbè kan ṣoṣo, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti sọ ọ́ di "èrò Yorùbá" láti Èkìtì dé Àjàṣẹ́. Nílùú tí Yorùbá àti Ègùn ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ná ọjà Ouando, n kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé èrò kan ṣoṣo ló wà. Mo gba ìlànà náà nítorí pé ó dára, kì í ṣe nítorí pé tiwa ni.

7. Nínú kíláàsì

Ẹ̀kọ́ ìhùwàsí wọ ilé-ìwé wa lọ́nà mìíràn tó yàtọ̀ sí pàṣán. Ìwé tí Robert Mager kọ ní 1962 lórí bí a ṣe ń kọ ète ẹ̀kọ́ ló tan ìlànà tí a mọ̀ sí PPO kálẹ̀: kí olùkọ́ kọ ohun tí ojú lè rí tí ọmọ yóò lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Kí ó má kọ pé ọmọ yóò "lóye", kí ó kọ pé yóò "kà," "kọ," tàbí "ka iye." Láti 1999 ni ìjọba ti ń gbé ètò tuntun tí a ń pè ní APC wọ gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ń wá agbára tí ọmọ yóò fi yanjú ìṣòro nínú ayé rẹ̀, kì í ṣe ìṣe kéékèèké tí a tò sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ló bínú sí APC. Ẹjọ́ wọn kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ọmọ mi kò lè kàwé." Àwọn kan nínú wa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ohun tí agbára jẹ́. Mo rò pé àwọn òbí náà ní ẹ̀tọ́. Wọ́n gbé ìwé síwájú ọmọ, wọ́n ní kó kà á, kò lè kà á. Òṣùwọ̀n ìhùwàsí ni, ó sì ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ńlá bo iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ ní agbára kan tí kò sí ìṣe kankan tó fi í hàn, kí ló fẹ́ ká fi mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè ṣe é, òṣùwọ̀n yìí dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, kò mọ̀ ọ́n ní Faransé. Ó sì lè jẹ́ pé ìdákẹ́ ni a ti kọ́ ọ. Òdo kan náà ni wọn yóò fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

8. Ìgúnlẹ̀

Mo dábàá ohun méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń lọ wo kíláàsì. Èkínní ni kí wọ́n pín ojú ìwé àyẹ̀wò wọn sí méjì. Ní apá kan, kí wọ́n kọ "ohun tí mo rí," kí ohun tí ojú kò rí má sì wọ ibẹ̀. Ní apá kejì, kí wọ́n kọ "ohun tí mo rò," kí wọ́n má sì gbàgbé láé pé ìgbàgbọ́ ló wà níbẹ̀. Èkejì ni pé níbikíbi tí ọmọ bá ti dákẹ́ tàbí tó kùnà, kí wọ́n lọ bá a lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí wọ́n bi í léèrè ní èdè tó ní ohun tó rò pé wọ́n ní kí òun ṣe, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè yẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sọ ni yóò jẹ́ òótọ́. Ìhùwàsí ni ìdáhùn náà jẹ́, ó sì nílò àyẹ̀wò bíi ti ìyókù. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní nípa ohun tí ẹ̀kọ́ wa jẹ́ fún un.

Mo lè sọ ohun gbogbo tí ọmọbìnrin yẹn ṣe lọ́jọ́ náà. Ó wo okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó padà sí ẹ̀bá ògiri, ó sì dúró síbẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn. Ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún un, n kò mọ̀ ọ́n, nítorí n kò bi í léèrè.